Okùn Tíṣà

"Ta ló rán ọ? Mo ní ta ló rán ọ lọ síbẹ̀! Ṣé ẹnu mi ló rà ni, àbí etí tìẹ ló di, tó fi wá di pé bọ́ọ̀lù lo lọ ń fọwọ́ pa lórí bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun?"

"Bọ́ọ̀lù kọ́, Bàbá. Àwòrán ayé ni."

"Àwòrán ayé! Ayé gan-an tó o wà nínú ẹ̀, kí lo rí mú níbẹ̀ tó o fi ń lé àwòrán ẹ̀ kiri?"

Tíṣà kì í pariwo ní ìwọ̀nba. Bó bá ti gbé e, ó gbé e nìyẹn. Àwọn ará ilé kejì ti yí rédíò wọn wálẹ̀ kí ọ̀rọ̀ kankan má baà fò wọ́n, obìnrin tó ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé sì ti di ẹ̀wù kan ṣoṣo mú láti ìgbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀, kò sá a, kò ká a. Ìjà ilé onílé, ọ̀fẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì kó tó wò ó.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló dúró níwájú rẹ̀ láàárín pálọ̀, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀. Ilé alágbàfọ̀ ló ti ń bọ̀, níbi tó ti máa ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láti àárọ̀ títí ẹ̀yìn á fi fẹ́ kán. Òórùn sítáàṣì àti áyọ́ọ̀nù gbígbóná kì í kúrò lára rẹ̀ bó ti wù kó wẹ̀ tó. Ẹnu-Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí òun ló máa ń léwájú nígbà tí kíláàsì bàbá rẹ̀ bá ń ka ẹ̀kọ́ lóhùn òkè. Orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn débi pé bí ẹ bá pe èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn lẹ ń pè.

"Bíríkìlà ló rí ọ," Tíṣà ń bá a lọ. "Òun ló ń tún àtẹ̀gùn ilé ìkàwé ṣe. Ó ní ìwọ àti Tápíìsì forí korí níwájú bọ́ọ̀lù náà bí ewúrẹ́ méjì tó rí koríko tútù. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ló wá ń ròyìn ọmọ mi fún mi! Ṣé ohun tó o fẹ́ kí ojú mi rí nìyẹn?"

Ẹnu-Tíṣà wo ojú tó ń wí. Ohun funfun kan ti bo ẹyinjú méjèèjì bí omi ìrẹsì. Tíṣà mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru, ó mọ ẹnu ọ̀nà yàtọ̀ sí ògiri, ó parí síbẹ̀. Gbogbo èèyàn mọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́.

"Bàbá, ẹ fara balẹ̀. Wọ́n ti fi ìdánwò àfẹnuṣe kún un lọ́dún yìí. Wọ́n ní àwòrán ayé máa wà lórí tábìlì. Mo kàn ní kí n lọ wo bó ṣe rí ni."

"O wá lọ wò ó. Kí lo rí?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni kò jẹ́ kó sùn dáadáa.

"Mo bi ọ́ léèrè!"

"Mi ò rí nǹkan kan tí mo mọ̀, Bàbá." Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Mo wá òkun, aró ni mo rí. Mo wá àwọn òkè, mo rí ohun tó hunjọ bí aṣọ tí wọn ò tíì lọ̀. Àwọn odò tí mo ti ń kà láti kékeré, òwú lásán ni wọ́n jọ. Mo yí i títí. Tápíìsì ń pè wọ́n, ó ń fìka tọ́ka sí wọn, bí ẹni ń pe ọmọ ìyá rẹ̀. Èmi ò lè tọ́ka sí ẹyọ kan. Ẹ̀rù bà mí."

Ẹ ì bá rò pé aláàánú èèyàn á sinmi níbẹ̀. Tíṣà lu tábìlì.

"Nítorí pé ojú lo fi wò ó ni! Ojú a máa tan èèyàn jẹ. Ojú ló sọ fún ọ pé oòrùn ń rìn. Ṣé oòrùn ń rìn? Ojú ló sọ fún ọ pé ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣé ó tẹ́? Òṣùpá tó o rí tó ń tàn, ṣé iná kan wà nínú ẹ̀? Ìmọ́lẹ̀ tó yá lọ́wọ́ oòrùn ló ń fi ṣe fáàrí. Nínú ojú rẹ àti ẹnu mi, èwo ló sọ òótọ́ fún ọ rí?"

Kò sí ihò kankan tí èèyàn lè gbà sá kúrò nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹnu-Tíṣà sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹnu yín ni, Bàbá."

"Mi ò gbọ́!"

"Mo ní ẹnu yín ni."

"Ó kéré tán, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. O ò gbọdọ̀ débẹ̀ mọ́ títí ọjọ́ ìdánwò. Bó o bá tún fọwọ́ kan nǹkan yẹn, má pè mí ní bàbá mọ́."

Ìdánwò náà ni kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé. Ọ́fíìsì Ilẹ̀ àti Ojú Ọjọ́ ló ń gba èèyàn. Àyè tó wà kò kún ọwọ́, àwọn tó ń du ú pọ̀ bí eéṣú. Ìṣirò wà níbẹ̀, òfin wà níbẹ̀, àmọ́ ohun tó ń gbé wọn ṣubú ni ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́ nípa sánmà. Ẹni tí kò mọ òfin lè fọgbọ́n purọ́ díẹ̀. Ẹni tí kò mọ òkun tó tóbi jù láyé, irọ́ wo ló fẹ́ pa? Ibẹ̀ ni Tíṣà ti rọ́nà jẹun. Ó ti kọ́ ọmọ níléèwé títí ojú fi kọ̀ ọ́, wọ́n ní kó máa lọ sílé, kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àríyànjiyàn. Ó to bẹ́ǹṣì sí pálọ̀ rẹ̀, ó ní ẹni tó bá ń fẹ́ iṣẹ́ ìjọba kó máa bọ̀.

Ìwé kò sí nínú kíláàsì yẹn. Máàpù kò sí. Okùn ló wà: Okùn Sánmà, Okùn Òkun, Okùn Odò, Okùn Òkè. Tíṣà á lu tábìlì, á ní, "Kí ló tẹ̀lé Oòrùn?" Gbogbo bẹ́ǹṣì á ní, "Mẹ́kúrì ló tẹ̀lé Oòrùn!" "Kí ló tẹ̀lé Mẹ́kúrì?" "Àgùàlà ló tẹ̀lé Mẹ́kúrì!" "Kí ló tẹ̀lé Àgùàlà?" "Ayé ló tẹ̀lé Àgùàlà!" Báyìí ni wọ́n á ṣe máa fà á lọ títí dé Nẹ́ptúùnù. Èyí di tọ̀hún mú bí ìlẹ̀kẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Bó o bá ṣì í, orí lò ń padà sí. Tíṣà máa ń sọ pé ẹni tó di okùn mú kì í ṣubú sí kànga. Kò sẹ́ni tó rántí bi í bóyá ẹni náà á lè rí ohun tó wà nínú kànga.

Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, ó ń ṣiṣẹ́. Nínú gbọ̀ngán ìdánwò, àwọn tó ń ṣọ́ wọn máa ń dá ọmọ Tíṣà mọ̀ láti òkèèrè, torí ètè rẹ̀ kì í dúró, bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lómi. Wọ́n á kàn máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ Tíṣà á bẹ̀rẹ̀ láti orí okùn, á fà á dé ibi tí ìdáhùn wà, á kọ ọ́ sílẹ̀, á tún padà sí orí fún ìbéèrè kejì. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá yá, ó yege nìyẹn.

Ẹnu-Tíṣà kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé láìsí okùn. Bó bá ń lọ aṣọ, bí áyọ́ọ̀nù bá lọ síwájú, odò kan. Bó bá padà, odò mìíràn. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan gba gbogbo àwọn òkè. Ó ti ṣe ìdánwò náà rí, ó yege, àmọ́ àwọn tó gbégbá orókè ló gba àyè lọ. Lọ́dún yìí, ó wà lára àwọn àkọ́kọ́. Wọ́n pè é fún ti àfẹnuṣe. Bí kò bá sì wọlé báyìí, ilẹ̀kùn ti tì, nítorí ọjọ́ orí tó ní yóò ti kọjá èyí tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó tún ṣe òmíràn. Ọkùnrin tó ní òun á dúró dè é títí á fi ríṣẹ́ ti dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Ó ti jókòó sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìyá rẹ̀ ti kú. Ohun tó kù ní ilé ayé ni ẹnu bàbá, áyọ́ọ̀nù, àti ìdánwò yìí.

Tápíìsì wá bá a ní ilé alágbàfọ̀. Ó ní òun wá gba búláòsì tí òun fẹ́ wọ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ kò sí lára búláòsì. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni tirẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹjọ́, lábẹ́ agboòrùn, níbi tó ti ń tẹ ẹ̀sùn ẹni tó fẹ́ pe ẹjọ́ àti èsì ẹni tí wọ́n pè. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun kì í fi í gba ẹnikẹ́ni gbọ́.

"Ilé ìkàwé ṣì ṣí sílẹ̀," ó wí. "Jẹ́ ká lọ. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù ló bà ọ́. Bó o bá tún wò ó lẹ́ẹ̀mejì sí i, ojú rẹ á mọ́ ọn."

"Bàbá mi ní n ò gbọdọ̀."

"Bàbá ẹ ló fẹ́ jókòó síwájú wọn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́." Ẹnu-Tíṣà gbé áyọ́ọ̀nù sókè kí ó má baà jó aṣọ. "Gbogbo ohun tí mo mọ̀, ẹnu ẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ṣé bọ́ọ̀lù inú ilé ìkàwé ló kọ́ mi títí mo fi wà lára àwọn àkọ́kọ́?"

"Mi ò sọ pé kò kọ́ ọ. Mo ní ẹni tí kò ríran ló ń sọ fún ọ pé ìríran ò dáa."

Ẹni tó ń fọṣọ lẹ́yìn wọn dáwọ́ dúró. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo àdúgbò ti gbé mì ni Tápíìsì pọ̀ sílẹ̀ níwájú búláòsì tó mọ́ nigínnigín yẹn.

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ sí bàbá mi."

"Mo ti sọ ọ́. Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ìràwọ̀ kan, àbí kò sí nínú okùn yín? Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Ìwọ ni mo ń bá wí. Ìràwọ̀ ńlá ni ọ́, o jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di ajá Tíṣà. Kódà orúkọ, o ò ní tìrẹ. Ẹnu ẹlòmíràn ni wọ́n ń fi pè ọ́."

Ẹnu-Tíṣà ká búláòsì náà. Ó ká a dáadáa, apá sí ẹ̀yìn, kọ́là sókè, ó nà án sí i.

"Ẹ máa lọ, ẹ̀gbọ́n mi. A ó pàdé níbẹ̀."

Bí Tápíìsì ti yí kọ́nà tán, Ẹnu-Tíṣà rò ó láti sáré tẹ̀lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ kúrò nídìí tábìlì. Ṣùgbọ́n ó rántí òṣùpá tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ẹlòmíràn ṣe fáàrí, àti ilẹ̀ tí kò tẹ́. Ó padà. Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn. Áyọ́ọ̀nù lọ síwájú: kí ló tẹ̀lé Pasífíìkì?

Lọ́jọ́ àfẹnuṣe, wọ́n jókòó sórí àga onípáànù nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tí fáànù rẹ̀ ń dún ju bó ti ń fẹ́ lọ. Wọ́n ń pè wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń jáde kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Tápíìsì wọlé ṣáájú rẹ̀. Nígbà tó jáde, ó kàn tẹ̀ ẹ́ léjìká kọjá. Ẹnu-Tíṣà kò gbójú sókè. Ó ń fa okùn lọ́wọ́.

Àwọn mẹ́ta ló wà nínú yàrá. Obìnrin kan tó wọ awò ojú ni alága, ọkùnrin kan tó sanra jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan wà lósì tó ń fi bírò họ etí. Ẹnu-Tíṣà kò mọ ojú wọn, àmọ́ ó mọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin tó sanra: òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀ ọ́, ó sì mọ ibi tí áyọ́ọ̀nù ti jó o lábẹ́ apá, tó fi sítáàṣì bò ó. Ìyẹn fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Àwòrán ayé wà láàárín tábìlì, lórí ẹsẹ̀ irin, ó dágẹ̀ẹ́rẹ́ bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ òfófó.

"Ẹ jókòó," alága wí. "Ìwé yín dáa gan-an. Ẹ̀kọ́ sánmà, kò sẹ́ni tó ṣe tó yín. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nínú àwọn tó ń yí oòrùn po, èwo ló wà ṣáájú Sátọ̀ọ̀nù?"

Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Oòrùn, Mẹ́kúrì, Àgùàlà. Ó gbọ́ tí ọ̀dọ́kùnrin náà gbé bírò kúrò létí. Ayé, Máàsì.

"Júpítà, mà."

"Bẹ́ẹ̀ ni." Alága wo ètè rẹ̀. "Ọmọ kíláàsì ta ni yín?"

"Ti Tíṣà, mà."

Ọkùnrin tó sanra rẹ́rìn-ín sínú. "Àwọn ẹlẹ́nu ẹja," ó wí fún ọ̀dọ́kùnrin náà, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ó dáa," alága wí. "Ẹ gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ yín fún ìgbà díẹ̀. Ẹ dúró síta, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, òṣùpá tuntun lé, ó tín-ín-rín bí èékánná. Ìhà wo lẹ ti rí i?"

Ó fa okùn. Òṣùpá tuntun, òṣùpá tẹ́ẹ́rẹ́, òṣùpá ààbọ̀, òṣùpá àrànmọ́jú. Bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn wà níbẹ̀, kò sí èyí tó sọ ibi tí wọ́n dúró sí. Gbogbo nǹkan ló ń là láti ìlà oòrùn, ó rò bẹ́ẹ̀.

"Ìlà oòrùn, mà."

"Ìwọ̀ oòrùn ni. Ẹ̀bá oòrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ni. Gbogbo ọmọdé tó bá ń ṣeré níta ló ti rí i." Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn ló sì mú kó burú jù. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ sánmà, ṣé ẹ kì í gbójú sókè ni?"

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ wo èyí." Alága yí àwòrán ayé sọ́dọ̀ rẹ̀. "Ẹ fìka sí ibi tí ìlà agbedeméjì ayé ti gba orí òkun Atiláńtíìkì kọjá."

"Pasífíìkì ló ṣíwájú, Atiláńtíìkì ló tẹ̀lé Pasífíìkì, òkun Índíà ló..."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ kà á fún mi. Mo ní kẹ́ ẹ fi hàn mí."

Ó na ìka. Aró ni gbogbo rẹ̀, aró níhìn-ín, aró lọ́hùn-ún, bákan náà bí ọjọ́ ilé ìkàwé. Ó ṣáà gbé ìka lé ibi kan. Yìnyín ni, lókè téńté, níbi tó jìnnà pátápátá sí ìlà agbedeméjì ayé. Ọ̀dọ́kùnrin náà fọwọ́ bo ẹnu.

Alága bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀. Ó hàn pé ó ń wá ìbéèrè kan tí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ á lè dáhùn, ìbéèrè tí wọ́n máa ń fún ọmọdé kí ó má baà sunkún.

"Ó dáa. Ẹ fi ibi tí a jókòó sí yìí hàn mí. Ilẹ̀ tiwa. Ilé."

Ẹnu-Tíṣà di àwòrán ayé mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ó yí i. Okùn Òkun kò débẹ̀. Okùn Odò gba ẹ̀gbẹ́ ibòmíràn lọ. Okùn Òkè, àwọn òkè tó tóbi jù láyé ló wà níbẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn nítòsí ilé rẹ̀. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbogbo ohun tó há sórí ló jìnnà, gbogbo rẹ̀ pátá, kò sí okùn kan tí Tíṣà so mọ́ ibi tí wọ́n ń gbé. Àwọn ilẹ̀ náà ń yí kọjá lábẹ́ ìka rẹ̀, ofeefee, àwọ̀ ewé, osùn, wọ́n ń lọ, wọ́n tún ń padà bọ̀, kò sì sí èyí tó pè é.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ọkùnrin tó sanra pàápàá ti wo ojú fèrèsé.

Alága dìde díẹ̀ lórí àga rẹ̀, ó mú ìka ìfábẹ̀là Ẹnu-Tíṣà bí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ ní lẹ́tà, ó gbé e lé ibì kan.

"Ibí ni."

Ó kéré. Èékánná rẹ̀ bò ó tán.

"Ẹ ṣeun," alága wí. "Ẹ dúró síta kí ẹ gbọ́ ti ìparí."

Ìparí kò pẹ́. Mẹ́sẹ́ńjà kan jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe àwọn tí yóò dúró, ó ní kí àwọn yòókù máa lọ sílé, kí wọ́n má gbàgbé agboòrùn wọn. Ó pe Tápíìsì. Tápíìsì dìde, ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó la ẹnu. Ẹnu-Tíṣà ti dé àtẹ̀gùn.

Kíláàsì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tó délé. Bẹ́ǹṣì kún dẹ́nu ọ̀nà, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé ọmọ Tíṣà wà lára àwọn àkọ́kọ́, wọ́n ti ń dà wọlé bí omi. Bíríkìlà jókòó síwájú, símẹ́ńtì ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ rí i.

"Ọ̀gá ìjọba ti dé! Ẹ yà fún wọn! Ọ̀gá, bẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́lé, ẹ má pe ẹlòmíràn o, èmi ni mo kọ́kọ́ ròyìn yín!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tíṣà dìde, ó na ọwọ́ síbi tí ẹ̀rín ti wá. Ẹ̀wù rẹ̀ tó dáa jù ló wọ̀.

"Ẹnu mi dé. Wá síhìn-ín. Sọ fún wọn."

"Wọn ò mú mi, Bàbá."

Ọwọ́ náà ṣì wà lókè.

"Kí ni?"

"Wọn ò mú mi. Wọ́n ní kí n fi nǹkan hàn wọ́n lórí àwòrán ayé. Mi ò lè fi hàn wọ́n."

Bó bá jẹ́ pé Tíṣà dákẹ́ nígbà yẹn, àní bó bá jẹ́ pé ó jókòó lásán, ọ̀rọ̀ ì bá gba ibòmíràn lọ. Àmọ́ pálọ̀ kún. Tíṣà ń gbọ́ bí bẹ́ǹṣì ti ń dún lábẹ́ ìdí àwọn èèyàn, ó ń gbọ́ bí wọ́n ti ń mí.

"Ẹ gbọ́ o," ó wí, ó yí ojú funfun náà sí wọn. "Ẹ fi etí yín méjèèjì gbọ́. Mo sọ fún un. Bíríkìlà, ṣé mo sọ fún un àbí mi ò sọ? Mo ní má lọ wo bọ́ọ̀lù yẹn. Ó lọ wò ó. Ojú ló ba ẹnu ẹ̀ jẹ́. Okùn mi ò já o! Òun ló jù ú sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣe orí kunkun, ẹ̀yìn ilé alágbàfọ̀ ló máa darúgbó sí. Ẹ má wò ó. Ẹ jẹ́ ká máa bá iṣẹ́ lọ."

Ẹnu-Tíṣà kò sunkún. Ó kọjú sí bẹ́ǹṣì iwájú.

"Bíríkìlà. Èwo ló wà ṣáájú Sátọ̀ọ̀nù? Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti Oòrùn."

Bíríkìlà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó mú un mọ́ra, ó tún mì.

"Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti Oòrùn, mo ní."

"Aà, ọ̀gá, ibo lèèyàn á ti wá bẹ̀rẹ̀?"

"Dákẹ́ ẹnu ẹ!" Tíṣà ké. "Ta ló fi ọ́ ṣe tíṣà nínú ilé mi?"

"Òṣùpá tín-ín-rín tó máa ń yọ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ìhà wo ló ti ń yọ?" Ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, láti bẹ́ǹṣì kan dé èkejì. "Kò sí? Ó dáa, èyí rọrùn. Wọ́n á gbé ayé sí iwájú yín lórí tábìlì. Obìnrin kan á ní, ẹ jọ̀ọ́, ilé yín dà? Ta ló lè fi ilé wa hàn mí? Nínú okùn wo ló wà?"

Nọ́ọ̀sì kan lẹ́yìn ti ń ka gbogbo okùn lábẹ́ èémí rẹ̀, èkíní, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin, ó dé òpin, ó gbójú sókè bí ẹni tó dé ilé bá ilẹ̀kùn ní títì.

"Kò sí níbẹ̀," Nọ́ọ̀sì wí.

Òun ló kọ́kọ́ gbé báàgì rẹ̀. Bẹ́ǹṣì dún.

"Ta ló ń dìde?" Tíṣà wí. "Kíláàsì ò tíì parí."

"Tíṣà, mo ń bọ̀, mo fẹ́ ra káàdì fóònù," ẹnì kan wí, kò sì sí ẹni tó gbà á gbọ́.

Bàtà ń lọ. Bíríkìlà dúró díẹ̀ níwájú àgbàlagbà náà, ó fẹ́ sọ nǹkan, símẹ́ńtì èékánná rẹ̀ ló ń yọ kúrò. Ó lọ.

"Ẹ jókòó! Ẹ jókòó, mo ní! Kí ló tẹ̀lé Oòrùn?"

Tíṣà lu tábìlì. Ó dúró de bẹ́ǹṣì. Ó tún lù ú.

"Kí ló tẹ̀lé Oòrùn?"

Rédíò ilé kejì ti dákẹ́. Tíṣà yí orí sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó na ọwọ́ sí iwájú, ọwọ́ náà kan orí bẹ́ǹṣì tó ṣófo, ó rìn lórí rẹ̀ títí dé ìpẹ̀kun.

"Ta ló kù?"

Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kò ku ẹnì kankan, Tíṣà."